Kòkòrò oníyẹ̀ẹ́ pupa lára àjàrà mi: ṣé àfòpiná ni?

ÌyáBọ́lá_Philly:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kòkòrò kan ti bo àjàrà mi ní Philadelphia níbí. Ìyẹ́ òkè rẹ̀ láwọ̀ eérú, ó ní tótòtó dúdú. Tó bá ṣí i, pupa fòò ló wà lábẹ́. Ọmọ mi ní àfòpiná ni. Èmi rí i tó ń fò sókè bí ẹlẹ́ńgà. Ẹbí wo gan-an ló ti wá?

Olùkọ́_Kòkòrò:
Ẹ kú ilé, mà. Kì í ṣe àfòpiná, kì í sì í ṣe ẹlẹ́ńgà. Lycorma delicatula ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Ilẹ̀ Ṣáínà ló ti wá. Ọdún 2014 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Amẹ́ríkà, ní Berks County, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania tiyín yẹn.

Ẹ mú òkú ọ̀kan, ẹ dà á dé ẹ̀yìn. Ẹ ó rí ẹnu ṣóńṣó tó na mọ́ abẹ́ àyà, òun ló fi ń fa omi ara igi. Ẹnu àfòpiná máa ń ká ni, ìyẹ́ rẹ̀ sì máa ń yọ lẹ́búlẹ́bú síni lọ́wọ́. Hemiptera, ìyẹn ọ̀wọ́ àwọn kòkòrò tó ń fi ẹnu ṣóńṣó fa omi, ni tiyín, òun àti ìdun orí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ wá wo ìwo rẹ̀. Ó kúrú, ó láwọ̀ ọsàn, abẹ́ ojú níbi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ti yọ. Àmì Fulgoromorpha nìyẹn, ẹ̀ka kan lábẹ́ Hemiptera. Ẹbí bí ogún ló wà lábẹ́ wọn. Kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé ẹbí Fulgoridae ni, ẹ na ìyẹ́ ẹ̀yìn síta, ẹ fi awò wò ó: iṣan ibẹ̀ dábùú ara wọn bí àwọ̀n títí dé apá tó sún mọ́ ikùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kánjú níbẹ̀, ó dùn ún wò!

Adé_Ìbàdàn:
Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń pe ẹbí yìí ní kòkòrò alátùpà. Ṣé wọ́n ń tàn lálẹ́ ni?

Olùkọ́_Kòkòrò:
Rárá, àbúrò. Maria Sibylla Merian, obìnrin ará Jámánì tó máa ń ya àwòrán kòkòrò, ló kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí Suriname, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ní 1705 pé ọ̀kan nínú wọn ń tàn débi téèyàn lè fi kàwé. Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden tó ń sọ ohun alààyè lórúkọ, sọ kòkòrò náà ní laternaria (ìyẹn alátùpà) ní 1758, abẹ́ ìran Cicada ló sì tò ó sí. Wọ́n ti gbé e kúrò níbẹ̀ lọ sínú ìran Fulgora, àmọ́ laternaria ò kúrò lára rẹ̀.

ÌyáBọ́lá_Philly:
Mo ti rí àwọ̀n náà! Ẹ ṣeun gan-an. Àjàrà mi ńkọ́?

Olùkọ́_Kòkòrò:
Láti September, ẹ máa wá ẹyin wọn. Ó máa ń dà bí ẹrẹ̀ gbígbẹ lára igi, òkúta tàbí mọ́tò. Ìdì kan lè ní 30 sí 50. Ẹ fi ike pẹlẹbẹ ha á sínú ọ̀rá tẹ́ ẹ ti bu sànìtáísà sí, ẹ so ó pa. Kẹ́ ẹ sì yẹ abẹ́ ọkọ̀ yín wò kẹ́ ẹ tó rìnrìn àjò, mà.