Àbọ̀ lórí ìbéèrè mi nípa trastuzumab àti ọkàn
Mo bèèrè níjọ́sí bóyá ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú mi ti dópin, nítorí pé agbára tí ọkàn mi fi ń tú ẹ̀jẹ̀ jáde dínkù lẹ́nu lílo trastuzumab, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ náà. Kò dópin. Dókítà dá abẹ́rẹ́ náà dúró fúngbà díẹ̀, ó fún mi ní oògùn ọkàn, ó sì tún un bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àyẹ̀wò dára. Ó ṣàlàyé pé HER2 (purotéènì kan lára sẹ́ẹ̀lì) tí oògùn yìí ń dí lára jẹjẹrẹ wúlò fún àwọn sẹ́ẹ̀lì ọkàn náà láti tún ara wọn ṣe, àmọ́ pé ìpalára tí oògùn náà ń ṣe fún ọkàn sábà máa ń lọ, tí ọkàn á sì bọ̀ sípò, láìdàbí ti doxorubicin, oògùn jẹjẹrẹ mìíràn. Ó yẹ kí wọ́n ti sọ èyí fún mi ṣáájú abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Àyẹ̀wò ọkàn ń tẹ̀síwájú ní oṣù 3-3. Ẹ ṣeun, mo pa ìbéèrè náà dé.