Ojú mi wú, apá mi gbẹ: ṣé kí n gba owó mi padà lọ́wọ́ ọsibítù yìí ni?

Ìyá Ìbùkún (Adó-Èkìtì):
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, inú ń bí mi. Láti ìgbà ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ọdún tó kọjá ni ojú mi ti ń wú, ó ti rí roboto bí igbá. Ikùn mi yọ síwájú, ẹran ga sí mi lẹ́yìn ọrùn, bẹ́ẹ̀ apá àti ẹsẹ̀ mi ń gbẹ. Ìyá ọkọ mi wá kí wa láti Ìkéré, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Àṣé ara rẹ ni owó ọmọ mi ń lọ." Níwájú àwọn ọmọ mi! Téló náà gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà kún owó aṣọ ẹbí, ó ní aṣọ ò ká mi mọ́, bẹ́ẹ̀ òun ló wọ̀n mí ní wíwọ̀nkuwọ̀n.
Èyí tó dùn mí jù ni ti iyán. Èmi tí mò ń gún iyán ogún èèyàn lọ́jọ́ ọdún, ọmọ odó ò gbé lọ́wọ́ mi mọ́. Bí mo bá jókòó lórí àpótí, àfi kí n fọwọ́ ti ilẹ̀ kí n tó dìde.
Mo lọ sí ọsibítù kan. Dókítà kékeré kan tí ò tó àbúrò mi wo ìlà gbọọrọ-gbọọrọ tó pọ́n dúdú lára ikùn mi, ó ní sítẹ́rọ́ọ̀dù ti pọ̀ lára mi, kí n lọ yẹ cortisol wò, ìyẹn sítẹ́rọ́ọ̀dù tí ara ń pọn fúnra rẹ̀. Mo sanwó, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi láago mẹ́jọ àárọ̀. Èsì dé: cortisol mi KÉRÉ. Ó wò ó, ó tún ní sítẹ́rọ́ọ̀dù ló pọ̀ lára mi! Ṣé ẹ rí wàyó? Ṣé kí n gba owó mi ni, àbí kí n lọ síbòmíràn?

Màmá Dọ́tun:
Ẹ pẹ̀lẹ́. Ti ìyá ọkọ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó. Tèmi náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo lóyún Dọ́tun, títí di òní n kì í bu omi ilé rẹ̀ mu.

Bàbá Ìjerò:
Ìpara ni. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ ó po tiúùbù mẹ́ta mọ́ra wọn bí ẹni ń po ẹ̀kọ, ẹ ó wá máa bú dókítà. Sítẹ́rọ́ọ̀dù ló wà nínú rẹ̀.

Ìyá Ìbùkún:
Bàbá, n kì í bóra. Mo dú bíi kóró iṣin, ẹ bi ẹni tó mọ̀ mí.

Nọ́ọ̀sì Fúnmi:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Bàbá ò parọ́ nípa ìpara o, àmọ́ ẹ jẹ́ ká béèrè. Oògùn wo lẹ ń lò? Tàgbo tàgúnmu, ẹ dárúkọ gbogbo rẹ̀.

Ìyá Ìbùkún:
Ẹ̀jẹ̀ ríru mi 160/100. Ṣúgà náà gòkè díẹ̀, wọ́n ní kí n dín iyán kù. Ní Èkìtì! Kí ni kí n wá máa jẹ?

Àǹtí Táyé (Ìkọ̀lé):
Irú ẹ̀ ṣe mí. Kókó kékeré kan ló wà lábẹ́ ọpọlọ mi, òun ló ń pàṣẹ kí ara máa pọn cortisol láìdákẹ́. Wọ́n ní kí n tọ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì fún wákàtí 24. Wọ́n tún fún mi ní dexa (dexamethasone, hóró oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù) 1 mg láago mọ́kànlá alẹ́, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Cortisol ara ẹlòmíràn á sọ̀ kalẹ̀, tèmi ò mira. MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ló fi kókó náà hàn, wọ́n sì yọ ọ́ gba ihò imú. Ẹ lọ ṣe MRI.

Nọ́ọ̀sì Fúnmi:
Àǹtí, tiyín ga, tiwọn kéré. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìyá Ìbùkún, ẹ ò tíì dá mi lóhùn. Oògùn wo?

Màmá Dọ́tun:
Ẹ lọ ṣe MRI, bí Àǹtí ṣe wí.

Ìyá Ìbùkún:
N ò lo oògùn kankan. Àfi ti orúnkún. Ìyá kan ló ń dì í fún mi lọ́jà sínú ọ̀rá kékeré: pupa kan, yẹ́lò kan, funfun wẹ́wẹ́ mẹ́rin. Ojoojúmọ́, bí ọdún kan àbọ̀ báyìí. Oògùn gidi ni, orúnkún mi ò dùn mí mọ́. Ṣùgbọ́n mo ti da gbogbo rẹ̀ nù lọ́jọ́ Àìkú, inú ló bí mi.

Nọ́ọ̀sì Fúnmi:
Ọjọ́bọ̀ la wà yìí. Báwo ni ara yín?

Ìyá Ìbùkún:
Ó ń rẹ̀ mí. Mo ti bì lẹ́ẹ̀mẹta lónìí, bí mo bá dìde òyì ń kọ́ mi. Ibà ni mo rò pé ó jẹ́.

Nọ́ọ̀sì Fúnmi:
Ẹ dìde báyìí, ẹ má dúró di òwúrọ̀. Ibi ìtọ́jú pàjáwìrì ni kí ẹ gbà wọlé. Ẹ sọ lẹ́nu ọ̀nà pé ó ṣeé ṣe kí funfun wẹ́wẹ́ tí ẹ ti ń lò fún ọdún kan àbọ̀ yẹn jẹ́ dexa, ẹ sì dáwọ́ rẹ̀ dúró lójijì. Bí ọ̀rá oògùn náà bá ṣì wà, ẹ mú un dání.

Bàbá Ìjerò:
Ó da májèlé nù, ìwọ ní kó padà sídìí ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Fúnmi:
Mi ò ní kí wọ́n padà sọ́dọ̀ olóògùn ọjà, sà. Orí kíndìnrín wa ni ohun tó ń pọn cortisol wà. Bí sítẹ́rọ́ọ̀dù inú hóró oògùn bá ń wọlé lójoojúmọ́, ọpọlọ á rò pé ó ti tó, kò ní pàṣẹ mọ́, ohun yẹn á sùn lọ. Àyẹ̀wò cortisol kì í rí dexa, ìdí nìyẹn tí èsì fi kéré tí ojú sì wú. Dókítà kékeré yẹn mọṣẹ́ ẹ̀. Báyìí wọn ò ní ti òde, wọn ò ní ti inú, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ kó sì pa èèyàn. Abẹ́rẹ́ hydrocortisone (cortisol tí wọ́n ṣe ní oògùn) àti omi ni wọ́n máa fún wọn, wọ́n á wá máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ó lè gba oṣù púpọ̀.

Màmá Dọ́tun:
Jésù! Mo jẹ irú ọ̀rá yẹn rí.

Ìyá Ìbùkún:
A ti wà nínú ọkọ̀. Bàbá Ìbùkún ló ń wà á. Ìyá ọkọ mi ló lọ tú pàǹtí tó fi rí ọ̀rá yẹn.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n:
Ẹ má bínú o. Funfun wẹ́wẹ́ yẹn, ṣé òun náà ni wọ́n fi ń sanra? Àbúrò mi obìnrin ń lò ó kí ìdí ẹ̀ lè yọ.

Nọ́ọ̀sì Fúnmi:
Mélòó lóòjọ́? Ó ti tó ìgbà wo? Sọ fún un pé kó má tíì dà á nù o, kó kọ́kọ́ rí dókítà lọ́la.