Ọmọ mi ń yí káàkiri bẹ́ẹ̀dì lóru, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti há sáàárín igi

Ìyá Tẹni, Kubwa
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ìyá mi. Ọmọ mi pé oṣù mẹ́jọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Màá tẹ́ ẹ kí orí rẹ̀ wà lápá fèrèsé. Tó bá fi máa di aago méjì òru, ẹsẹ̀ ló wà níbẹ̀. Lánàá, igbe ló jí mi. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti gba àárín igi bẹ́ẹ̀dì jáde títí dé orúnkún. Iná ò sí. Mo há fóònù sẹ́nu, tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń tàn, mo wá ń rọra yí orúnkún yẹn títí tó fi jáde. Màmá ọkọ mi tí wọ́n wá láti Ìlọrin ní kí n fi ìrọ̀rí mẹ́rin yí i ká. Bẹ́ẹ̀dì ọ̀hún, tòkunbọ̀ ni, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ṣeé sọ̀ kalẹ̀. Ẹ gbà mí, mi ò rójú sùn mọ́.

Ìyá Ìbejì, Nyanya
Pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má fi ìrọ̀rí kankan síbẹ̀! Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ há á ké, ẹ ó sì gbọ́. Èyí tí imú rẹ̀ wọnú ìrọ̀rí ò ní lè ké.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́
Ẹ gbọ́ tiwọn. Tìmùtìmù tí wọ́n ń so yí inú bẹ́ẹ̀dì ká pàápàá, Amẹ́ríkà ti fòfin dè é ní 2022. Fóòmù tó le, ṣíìtì tó fún, ọmọ: ó parí. Ẹ máa fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ tí ẹ bá ń tẹ́ ẹ. Tó bá ti lè dà síwá dà sẹ́yìn fúnra rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ máa jí dá a padà.

Bẹ́ẹ̀dì yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Láti 2011 ni wọn ò ti gbà kí wọ́n ta irú èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣeé sọ̀ kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà mọ́. Ohun tó gbé ẹ̀gbẹ́ yẹn dúró máa ń yẹ̀, àyè á ṣí láàárín òun àti fóòmù, ọmọ á sì há síbẹ̀.

Bàbá Àyọ̀, káfíńtà, Mararaba
Ẹ mú agolo mọ́ọ̀tì, èyí tó sanra o, kì í ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tuntun yìí. Tó bá gba àárín igi kọjá, àyè yẹn ti fẹ̀ jù. Rúlà ló dájú jù ṣá: kò gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ. Bí ìka méjì bá lè wọ àárín fóòmù àti igi, fóòmù ti kéré nìyẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín fi ìṣó kan ẹ̀gbẹ́ tó ṣeé sọ̀ kalẹ̀ yẹn, kódà kó jẹ́ èmi.

Ìyá Tẹni
Agolo kọjá, kò tiẹ̀ fara kan igi 😭 Ṣé kí n gbé e sáàárín èmi àti bàbá ẹ̀ lálẹ́ òní?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́
Rárá o. Yàrá kan náà ni, kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì kan náà. Ẹ gbé fóòmù rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó jìnnà sí ògiri àti wáyà fáànù, títí ẹ ó fi rí bẹ́ẹ̀dì mìíràn. Ẹ so nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sókè, kí ẹ há etí rẹ̀ sábẹ́ fóòmù kó le dáadáa. Ooru Àbújá yìí, kó wọ aṣọ fẹ́lẹ́ kan ti tó o. Ẹ bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn kó tó sùn.

Ìyá Ìbejì
Tó bá kan Màmá, ẹ ṣáà ní nọ́ọ̀sì ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má dá sí i ju ìyẹn lọ 😂

Ìyá Tẹni
Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní “ó dáa”, wọ́n kó ìrọ̀rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sẹ́yìn ara wọn. Wọ́n ti ń hanrun báyìí. Ọmọ ti yípo lẹ́ẹ̀mejì.