Àtẹ́lẹwọ́ Àjọkẹ́

Àtẹ́lẹwọ́ ọmọ mi ni mo wò tí ẹ̀rù fi bà mí. 2014 ni, Àjọkẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 4, ibà ti ń bá a fà á láti bí ọjọ́ 5, ilé àdúrà la wà, èmi àti ìyá ọkọ mi, ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ nìyẹn, a sì ti kọrin títí ohùn ti há. Nígbà tó di bí aago 11 alẹ́ mo gbé ọwọ́ ẹ̀ sún mọ́ iná kí n fi òróró pa á, ni mo bá rí i pé àtẹ́lẹwọ́ yẹn funfun báláú, àfi bíi pé wọ́n fi ẹfun kùn ún. Mo fa ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀ wálẹ̀, funfun ni. Ihò imú ẹ̀ ń fẹ̀ tó bá fẹ́ mí, àyà ẹ̀ ń sáré lábẹ́ aṣọ bíi ti ẹyẹ tí wọ́n ká mọ́wọ́.

Mo lọ bá bàbá wòlíì tó ń tọ́jú wa. Bàbá ní, "Ìyá Àjọkẹ́, ìgbàgbọ́ rẹ ló fẹ́ yẹ̀ yẹn. Padà sídìí ẹní rẹ." Ìyá ọkọ mi náà di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, Ọlọ́run tó wo ìyá mi sàn ò tíì kú o."

Ẹ má bá mi ka àwọn èèyàn yìí sí aláìmọ̀kan, mo bẹ̀ yín. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ní ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Àjàkálẹ̀ àrùn tó jà ní 1918 yẹn, oògùn òyìnbó ò rí i ṣe, òkú sùn káàkiri, ni àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan n'Ìjẹ̀bú-Òde bá kóra wọn jọ tí wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ní Ọlọ́run nìkan làwọn máa gbójú lé fún ìwòsàn. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ nínú ohun tá à ń pè ní Aládùúrà lónìí ti wá. Nígbà tó wá di 1930, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó jẹ́ pé katakata tí wọ́n fi ń tẹ títì ló ń wà tẹ́lẹ̀ kí Ọlọ́run tó pè é, dé Òkè-Oòyè n'Iléṣà, èrò sì ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti ìlú gbogbo, tọmọdé tàgbà, pẹ̀lú ìkòkò omi lórí. Ìyá ìyá ọkọ mi wà lára àwọn tó lọ. Ọmọdébìnrin ni wọ́n nígbà yẹn, ẹsẹ̀ wọn ọ̀tún ò ṣeé fi tẹlẹ̀, ẹ̀gbọ́n wọn ló pọ̀n wọ́n lọ, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn bọ̀ wálé. Ìtàn yẹn ni wọ́n fi tọ́ Màámi, ìyá ọkọ mi, dàgbà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kó ẹnu mi jọ kí n sọ pé irọ́ ni?

Àwọn àgbààgbà Aládùúrà ìgbà yẹn gba ọ̀rọ̀ ìwòsàn yìí gbọ́ débi pé nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn míṣọ́nnárì tí wọ́n ránṣẹ́ pè láti ìlú ọba ń lo kúnínì nítorí ibà, ó di ìjà, ó sì wà lára ohun tó pín wọn níyà. Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àwọn tí ò kàwé o. Isaac Akínyẹlé tó jẹ Olúbàdàn ní 1955 wà lára wọn.

Ṣùgbọ́n lórí ẹní lóru ọjọ́ yẹn, ohun kan ṣoṣo ló gbà mí lọ́kàn. Ìgbàgbọ́ ta ni à ń dán wò yìí? Tèmi ni, tàbí ti Màámi, tàbí ti bàbá wòlíì. Kì í ṣe ti Àjọkẹ́. Àjọkẹ́ ò tíì lè ka Bàbá wa tí ń bẹ lọ́run délẹ̀, tó bá ti dórí "oúnjẹ òòjọ́ wa" ló máa ń dákẹ́, á wá béèrè bóyá ìrẹsì ni. Ọmọ yìí ò tíì yan nǹkan kan, àwa là ń fi ẹ̀mí ẹ̀ yan tiwa. Ẹsẹ Bíbélì tó sì wá sí mi lọ́kàn ni ti Àìsáyà orí kìíní ẹsẹ 18, ibi tí Olúwa ti ní ká wá, ká jọ sọ àsọyé pọ̀. Ọlọ́run fúnra ẹ̀ ló ń pe èèyàn wá síbi àsọyé, èèyàn bíi tèmi wá ní kí n má ronú. Mo gbé ọmọ pọ̀n, mo sì jáde.

Ọ̀kadà ló gbé wa dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì tó gba ọmọ lọ́wọ́ mi ò tiẹ̀ béèrè orúkọ kó tó sáré wọlé. PCV ẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó lára, jẹ́ 13 péré, ó ti kéré jù. Dókítà ní ibà ti jẹ ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀ tán, wọ́n gbọ́dọ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára lóru yẹn, kí n lọ wá ẹni tó máa fún un. Bàbá àwọn ọmọ mi wà lọ́nà Kánò, fóònù ẹ̀ ò lọ, èmi sì lóyún, wọn ò lè gba tèmi. Ni mo bá pe Àlàájì, àbúrò bàbá mi. Ẹ rántí pé Mùsùlùmí ni gbogbo ilé bàbá mi n'Íwòó, èmi ni mo fẹ́ onígbàgbọ́ tí mo sì di onígbàgbọ́, kò sì sẹ́ni tó lé mi nílé. Aago 2 òru ti lọ. Àlàájì ò béèrè ju ìbéèrè kan lọ, wọ́n ní, "Ọsibítù wo?"

Mo ṣì ń rí wọn níwájú mi. Jálàbíà tí wọ́n fi sùn ni wọ́n wọ̀ wá, wọ́n ká apá ẹ̀ sókè, wọ́n sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, tẹ̀sùbáà wà ní ọwọ́ kejì tí wọ́n ń fi ìka kà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, nígbà tí abẹ́rẹ́ sì wọlé wọ́n ní "Bísímíláì". Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yẹn wò, ó bá ti ọmọ mu. Nígbà tí wọ́n gbé báàgì ẹ̀jẹ̀ náà kọ́, mo gbé ọwọ́ lé e, mo gbàdúrà sórí ẹ̀ ní orúkọ Jésù, Àlàájì sì ṣe àmín. Mi ò fìgbà kankan rò pé mo fi Ọlọ́run sílẹ̀ lóru yẹn. Mo jókòó mo ń wo bó ṣe ń kán tó, tó, tó, títí ilẹ̀ fi mọ́, nígbà tí oòrùn wọlé láti ojú fèrèsé mo tún yí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ wò, pupa ti ń yọ níbi ìlà ọwọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi kejì ni wọ́n pè mí síta níwájú ìjọ. Mi ò ní dárúkọ ìjọ náà. Wọ́n gba aṣọ kọ́yà lọ́rùn mi, wọ́n ní ìjókòó ẹ̀yìn ni kí n máa jókòó fún oṣù 3. Ìyẹn ò dùn mí tó bí ọ̀rọ̀ tí alàgbà kan sọ pé ẹ̀jẹ̀ aláìgbàgbọ́ ti wọ ọmọ yìí lára. Ọkùnrin tó dìde lóru nítorí ọmọ yìí lẹ ń pè bẹ́ẹ̀? Mo lo oṣù 3 náà pé, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé mo sá, lẹ́yìn náà mo wá ìjọ míì lọ.

Ní ìjọ tí mo wà báyìí, lọ́yà kan ló là wá lójú nínú kíláàsì Bíbélì, pé abala 38 ìwé òfin 1999 fún kálukú lẹ́tọ̀ọ́ láti ro èrò tirẹ̀, láti ṣe ẹ̀sìn tó wù ú, kó sì pa á dà tó bá fẹ́. Ó wá sọ ẹjọ́ méjì tí kọ́ọ̀tù tó ga jù dá. Nínú ti 2001, obìnrin kan tó jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà ní òun ò gba ẹ̀jẹ̀, dókítà gbọ́ tiẹ̀, obìnrin náà kú, kọ́ọ̀tù ní dókítà ò jẹ̀bi, àgbàlagbà ló fẹnu ara ẹ̀ kọ̀ ọ́. Ti 2019, ọmọ ọwọ́ ni, ìyá ẹ̀ kọ̀ torí ẹ̀sìn kan náà, wọ́n fi àṣẹ kọ́ọ̀tù fún ọmọ lẹ́jẹ̀ l'Ékòó ní 1997, ara ọmọ sì yá, ìyá gbé ẹjọ́ yẹn lọ títí dé òkè, wọ́n dá a nù, wọ́n ní ohun tó lè kọ̀ fún ara ẹ̀, kò lè bá ọmọ kọ̀ ọ́. Omi bọ́ lójú mi nínú kíláàsì yẹn. Ohun tí mo rò lórí ẹní lóru rèé!

Mi ò mọ̀ pé ẹjọ́ àkọ́kọ́ yẹn máa wọlé tọ̀ mí wá. Ní 2020 egbò yọ sí Màámi lẹ́sẹ̀, àyẹ̀wò fi hàn pé ìtọ̀ ṣúgà ni. Dókítà sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn, ohun tó lè ṣe àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí wọn ò bá gbà. Màámi gbọ́ ọ délẹ̀, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní ká gbé àwọn lọ sílé. Bàbá àwọn ọmọ mi ní àwọn máa gbé wọn wọ ọsibítù tipátipá, àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ fara mọ́ ọn, ọkọ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Èmi tí mo gbé ọmọ sá kúrò nílé àdúrà, èmi ni mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo ní ẹ bẹ̀ wọ́n, mo ti bẹ̀ wọ́n lórí ìkúnlẹ̀, àmọ́ ẹ ò lè dì wọ́n bí ẹrù. Orí wọn pé, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń yàn.

Èmi ni mo ń wẹ egbò náà láàárọ̀ lálẹ́. Àjọkẹ́, tó ti pé ọdún 10, ló ń pọn omi sínú ìgò àdúrà wọn, òun ló sì ń ka Sáàmù sí wọn létí. Oṣù 4 lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n lọ. Títí dòní bàbá àwọn ọmọ mi ṣì máa ń bi mí nígbà míì, tá a bá ti pa iná tán, pé ká ní àwọn gbé wọn lọ lọ́jọ́ yẹn ńkọ́. Ohun tí mo sọ lẹ́nu ilẹ̀kùn náà ni mo máa ń tún sọ fún un, á dákẹ́, èmi náà á dákẹ́.