Lábúlé orí òkè ní Papua New Guinea: oúnjẹ wà, ọ̀nà ni kò sí

Bí mo bá ti sọ pé mo ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì rí ní Papua New Guinea, orílẹ̀-èdè erékùṣù kan nítòsí Australia, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé ebi ò pa àwọn ará ibẹ̀ kú. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní abúlé tí mo gbé, ní agbègbè Telefomin lórí òkè, n kò rí ilé tí wọn kì í dáná alẹ́. Kókò ni olórí oúnjẹ wọn, ànàmọ́ tẹ̀ lé e, ẹ̀fọ́ pọ̀ bí nǹkan míì, ẹlẹ́dẹ̀ sì ń jẹ kiri lẹ́yìnkùlé. Kò sí onílé tó ń dá wọn láàmú fún owó ilé. Bíi 97 nínú 100 ìpín ilẹ̀ orílẹ̀-èdè yẹn ló wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀, ìdílé kálukú sì mọ ààlà tirẹ̀ láti ọ̀dọ̀ baba ńlá wọn.

Jíjìnnà ló ń pa wọ́n. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí àwọn tó ń kọ̀wé nípa ibẹ̀ kì í sábà sọ ọ́ tó.

Iṣẹ́ àjẹsára ló gbé mi dé ọ̀hún. Ní 2000 ni wọ́n ti kéde pé àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti kúrò níbẹ̀, àfi bó ṣe tún yọjú ní 2018 ní ìpínlẹ̀ Morobe, tí èèyàn 26 sì kó o lọ́dún náà. Nàìjíríà tiwa kò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá nígbà yẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti fi ń kan ilẹ̀kùn kiri Ìbàdàn pẹ̀lú àpótí yìnyín léjìká, iṣẹ́ tí mo mọ̀ dunjú ni. Nígbà tí ìyẹn rọlẹ̀, mo dúró sí ilé ìwòsàn kékeré kan tí ìjọ Kristẹni ń bójú tó. Lábúlé, ìjọ ló ń gbé apá tó pọ̀ nínú iṣẹ́ ìlera ní orílẹ̀-èdè yẹn.

Kò sí títì tó wọ Telefomin nígbà tí mo wà níbẹ̀. Port Moresby tó jẹ́ olú-ìlú pàápàá, kò sí títì tó so ó pọ̀ mọ́ àwọn ìlú orí òkè. Bàálù kékeré ló ń gbé gbogbo nǹkan wá. Pápá bàálù tiwa, ọwọ́ àti ṣọ́bìrì ni àwọn àgbà abúlé fi gbẹ́ ẹ. Ó dà gẹ̀rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè: bàálù á máa gun òkè bó bá ń balẹ̀, á sì máa sọ̀ kalẹ̀ bó bá ń gbéra. Tọkùnrin tobìnrin ló ń jáde fi irin gígùn tí wọ́n ń pè ní sarif gé koríko rẹ̀, wọn ò sì jẹ́ fi ṣeré, torí bí koríko bá ga, awakọ̀ á kàn yípo lókè ni, á padà.

Ọjà tó bá wọlé, orí ìwọ̀n ló ti ń kọjá. Iyọ̀, ọṣẹ, ìrẹsì, kẹrosíìnì, owó bàálù ti gun orí gbogbo wọn. Àwọn kan gbin kọfí, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n á fi gbé e jáde á jẹ èrè tán, àpò kọfí á wà nílẹ̀ títí á fi bu. Tíṣà tó bá fẹ́ gba owó oṣù á wọ bàálù lọ sílùú tí báńkì wà, ojú ọjọ́ á dá a dúró sọ́hùn-ún, àwọn ọmọ á sì jókòó sílé. N kò lè dá tíṣà náà lẹ́bi. Ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹun.

Telefomin ga tó nǹkan bí 1,500 mítà sókè òkun, òtútù alẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Iná kì í kú nínú ilé. Ààrò ń bẹ láàárín gbùngbùn, fèrèsé ò sí, èéfín a sì máa ta èèyàn lójú. Òtútù àyà ló pọ̀ jù nínú àìsàn àwọn ọmọdé tí wọ́n ń gbé wá bá mi.

Obìnrin kan wà tí n kò lè gbàgbé. Ó bímọ lábúlé tó wà lódìkejì odò, ibi ọmọ kò jáde. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ti igi méjì bọ àpò ìrẹsì, wọ́n tẹ́ ẹ lé e, wọ́n gbé e kọjá lórí afárá okùn lóru, pẹ̀lú ògùṣọ̀ ọparun. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, ètè rẹ̀ ti funfun. Abẹ́rẹ́ tó ń mú ilé ọmọ sún kì wà, torí fíríìjì sólà wa ń ṣiṣẹ́ lásìkò yẹn. Mo gún un, mo fa omi sí i lára, mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo yọ ibi ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ dín kù, ṣùgbọ́n èyí tó ti dà nílẹ̀ kọjá agbára mi.

Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, mo bọ́ sídìí rédíò. Ẹ gbọ́ ohun tí awakọ̀ ń bi mí: "Ṣé o rí orí òkè tó kọjú sí yín? Ṣé ẹnu àfonífojì ṣí?" Mo jáde, mo wò, mo sòótọ́: kùrukùru ti bo gbogbo rẹ̀. Bó ṣe rí títí di alẹ́ nìyẹn. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í, ó ń gbọ́n omi sí i lẹ́nu. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ojú ọ̀run là díẹ̀, bàálù já gba àárín rẹ̀ wọlé. Ó yè. Ó padà wá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ nínú bilum, àpò okùn tí obìnrin ibẹ̀ ń fọwọ́ hun, okùn rẹ̀ kọ́ iwájú orí, ọmọ sùn fọnfọn lẹ́yìn bí ọmọ tiwa ṣe ń sùn nínú ọ̀já. Ẹlòmíràn tí wọ́n gbé wá lásìkò òjò kan náà kò rí bàálù. A sin ín pẹ̀lú ọmọ rẹ̀.

Lápá gúúsù òkè yìí ni ibi ìwakùsà Ok Tedi wà. Láti 1984 ni wúrà ti ń ti ibẹ̀ jáde lọ sókè òkun, bàbà sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn náà. Pé irú ọrọ̀ bẹ́ẹ̀ ń jáde, tí aláboyún itòsí rẹ̀ kò sì rí bàálù, ó máa ń bí mi nínú, títí di òní.

Ohun kan tún wà tí n kò fẹ́ fò. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ kú. Oògùn rẹ̀ ti tán, bàálù tó yẹ kó gbé òmíràn wá kò lè balẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ojú ti ń yí sí opó kan pé sanguma, ìyẹn àjẹ́, ló fi pa á. Àwa náà mọ bí irú ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń rí fún ìyá arúgbó nílé wa. Lábẹ́ òfin 1971 tí wọ́n fagi lé ní 2013, ẹni tó pààyàn lè sọ pé àjẹ́ ló mú òun ṣe é, kí ẹ̀bi rẹ̀ sì fúyẹ́. Mo mú káàdì ọmọkùnrin náà jáde níwájú àwọn àgbà, mo fi ọjọ́ tí oògùn tán hàn wọ́n. Pásítọ̀ àtàwọn àgbà kan sùn sẹ́nu ọ̀nà opó náà. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n ó kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, kò sì padà mọ́.

Fún ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tẹ́ ẹ ń bi mí bóyá kẹ́ ẹ lọ: ẹ lọ, wọ́n nílò yín. Èdè ibẹ̀ lé ní 800, ṣùgbọ́n ẹ kọ́ Tok Pisin, èdè àjùmọ̀sọ wọn, ẹ ó rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Ẹ mú súẹ́tà àti bàtà tó ń di ilẹ̀ mú. Kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé, ẹ bi àwọn tó ń gbà yín síṣẹ́ pé ṣé rédíò ń ṣiṣẹ́, ṣé fíríìjì sólà wà, ta ló sì máa sanwó bàálù bí aláboyún bá ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé fún yín.