Kọ́rálì mi ò ṣí mọ́, àyẹ̀wò sì ní omi dára. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o

Olùbéèrè, London

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin àbúrò. Ọ̀rọ̀ kọ́rálì ló gbé mi wá. Táǹkì omi iyọ̀ kékeré kan wà ní pálọ̀ mi, lítà 60, ẹja clownfish méjì àti ìgbín díẹ̀ ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn kọ́rálì, ìyẹn ẹran omi òkun tó dúró sójú kan bí ewéko. Torch, kọ́rálì ọlọ́wọ́ gígùn tí mo fẹ́ràn jù, ti káwọ́ kò, ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ló ń yọ síta. Zoanthid, kọ́rálì mìíràn tó dà bí òdòdó kéékèèké, pa ojú dé láti àárọ̀ dalẹ́. Montipora, kọ́rálì olókùúta tó pupa dáadáa tẹ́lẹ̀, ti ń ṣì, ó ń funfun lọ. Nǹkan rẹ́súrẹ́sú kan tó ń yọ̀ sì ti bo yanrìn, ó ń fà bí okùn, ìhó kéékèèké wà lórí rẹ̀.

Èyí ni ohun tí àyẹ̀wò sọ: ìgbóná 26, iyọ̀ 1.025, KH (ìwọ̀n ohun tí kì í jẹ́ kí omi kan) 11, calcium 430, magnesium 1320, nitrate òdo, phosphate òdo. Omi RO, ìyẹn omi tí wọ́n ti sẹ́ mọ́ tónítóní, ni mò ń lò, kì í ṣe omi ẹ̀rọ. Ohun tó ń fa phosphate kúrò nínú omi wà nínú fílítà láti ìgbà tí ewé ti hù lára dígí. Ẹni tó ta kọ́rálì fún mi ní kí n ra oògùn kan sí i, owó rẹ̀ ò sì kéré. Ẹ jọ̀ọ́, kí n tó náwó, kí lẹ rí sí i?

Ìyá Ìbejì, Manchester

Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi. Má tíì ra oògùn kankan. Kí lo fi ń wọn iyọ̀? Ṣé ike tó ní ọwọ́ tó ń lọ sókè sódò ni, àbí refractometer, èyí tí à ń fojú wo ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀?

Olùbéèrè

Ike ọlọ́wọ́ ni, mà.

Ìyá Ìbejì

Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò gba ike yẹn gbọ́ rárá. Bí ìhó afẹ́fẹ́ bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́ rẹ̀, á gbé e sókè, á wá máa sọ pé iyọ̀ pọ̀ ju bó ṣe wà gan-an lọ. Bí iyọ̀ bá gbẹ mọ́ ọn, á wúwo, á sọ pé iyọ̀ kéré. Wá refractometer, kí o sì fi omi ìdíwọ̀n 35 ppt (gíráàmù iyọ̀ 35 nínú kílógíráàmù omi kan, bíi ti òkun) tò ó. Má fi omi RO lásán tò ó o, torí ó lè pé ní òdo kó má pé ní 35, 35 yẹn la sì nílò. Bí o kò bá tíì ní owó rẹ̀, gbé omi díẹ̀ sínú ìgò lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn kí wọ́n bá ọ wọ̀n ọ́n.

Bàbá Ẹja, Houston

Mo fara mọ́ ohun tí màmá sọ, ṣùgbọ́n òdo méjì yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Nitrate òdo, phosphate òdo, KH sì wà ní 11! Ebi ń pa kọ́rálì rẹ ni, ọmọ mi. Ewé tín-ín-tín tó ń gbé inú ẹran ara kọ́rálì ló ń fi ìmọ́lẹ̀ sè oúnjẹ fún un. Ewé yẹn náà ní láti rí nitrate àti phosphate jẹ. Bí kò bá rí i, á dínkù, àwọ̀ kọ́rálì á ṣì, iná LED tó mú janjan á wá parí iṣẹ́ náà. KH omi òkun gan-an ò ju nǹkan bíi 7 lọ. Bí KH bá ga báyìí tí oúnjẹ ò sì sí nínú omi, ṣóńṣó àwọn kọ́rálì bíi Montipora ló kọ́kọ́ ń jóná.

Yọ ohun tó ń fa phosphate yẹn kúrò lónìí. Fún ẹja lóúnjẹ dáadáa. Ohun tí à ń wá ni nitrate 5 sí 10, phosphate bíi 0.05 sí 0.1. Fi KH sílẹ̀ kó rọra bọ́ sí 8 fúnra rẹ̀, má da nǹkan kan sí i láti fi fà á walẹ̀. Ní tèmi, dinoflagellate, ẹ̀dá tín-ín-tín inú omi, ni nǹkan orí yanrìn yẹn. Ibi tí oúnjẹ ti tán nínú omi ló ti ń jọba.

Ọmọ Ìbàdàn, Leeds

Ẹ má bínú, bàbá. Ṣé kì í ṣe diatom, ewé tín-ín-tín inú omi, ni? Òun náà rẹ́súrẹ́sú, táǹkì tuntun kì í sì í ṣe aláìní in.

Bàbá Ẹja

Ìbéèrè tó dára ni. Àyẹ̀wò rẹ̀ ò gba owó. Fa nǹkan náà pẹ̀lú omi díẹ̀ sínú ìgò, mì í títí yóò fi tú ká, fi bébà ìnuwọ́ sẹ́ ẹ, kí o sì gbé omi tó sẹ́ náà sábẹ́ iná fún wákàtí kan. Bó bá tún kóra jọ, tó ń so okùn, dinoflagellate ni. Tún wò ó lálẹ́: ọ̀pọ̀ nínú wọn ń dínkù lórí yanrìn bí iná bá kú, wọ́n á sì padà bí ilẹ̀ bá mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́, Lekki

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Èmi náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ṣé mo lè lọ bu omi òkun ní Ẹlẹ́gúṣì kí n má ra iyọ̀?

Ìyá Ìbejì

Má ṣe é, ọmọ mi. Omi ọ̀sà Èkó àti omi odò ń tú sí òkun ní agbègbè yẹn, iyọ̀ rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ bí òjò bá rọ̀, ìdọ̀tí àti epo sì wà nínú rẹ̀. Ra iyọ̀. Ooru ló máa kọ́kọ́ bá ọ jà ní Èkó. Bí omi bá dúró sí 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kọ́rálì á máa lé ewé inú ara rẹ̀ jáde, á funfun. Fáànù tó ń fẹ́ sórí omi ń ràn án lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n omi á máa gbẹ. Omi RO ni kí o fi dípò rẹ̀, torí iyọ̀ kì í bá omi gbẹ lọ. Kí o sì ní pọ́ọ̀mpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì. Bí wọ́n bá mú iná lọ, àìsí afẹ́fẹ́ nínú omi ń pa ẹja kí ooru tó pa á.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an. Wọ́n wọ̀n ọ́n ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn: iyọ̀ wà ní 30 ppt péré! Nǹkan inú ìgò náà sì tún kóra jọ, ó ń so okùn. Mo ti yọ ohun tó ń fa phosphate. Ṣé kí n pa iná táǹkì fún ọjọ́ mẹ́ta láti fi pa dinoflagellate náà? Mo sì ń rò ó pé kí n kó òkúta zoanthid jáde, kí n fi omi gbígbóná fọ ẹ̀gbin ara rẹ̀.

Ìyá Ìbejì

Rárá o! Jọ̀ọ́, má fi omi gbígbóná kan zoanthid láé. Májèlé kan tí wọ́n ń pè ní palytoxin wà nínú àwọn kan nínú wọn, bí oru omi gbígbóná bá gbé e sókè, ó lè wọ ẹ̀dọ̀fóró gbogbo ará ilé. Ní 2018, ní abúlé Steventon ní Oxfordshire, odidi ìdílé kan àti àwọn panápaná tó wá ràn wọ́n lọ́wọ́ dé ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí wọ́n kó kọ́rálì jáde láti fọ táǹkì. Fi ìbọ̀wọ́ àti awò ìdábòbò ojú sí i nígbàkúùgbà tí o bá ń fọwọ́ kàn án. Má fi búrọ́ọ̀ṣì ha á. Inú omi ni kó wà.

Bàbá Ẹja

Má pa iná pátápátá nísinsìnyí, kọ́rálì tí ara rẹ̀ ò le ò lè fara dà á. Dín in kù sí bí ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí o máa fi páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ fa nǹkan orí yanrìn kúrò. Sẹ́ omi náà sínú táǹkì padà; má pààrọ̀ omi púpọ̀, torí omi tuntun á tún kó oúnjẹ lọ.

Ní ti iyọ̀, má dà á sínú táǹkì o. Bí omi bá gbẹ, omi oníyọ̀ ni kí o fi dípò rẹ̀ dípò RO, títí yóò fi dé 35, kó má ju 1 ppt lọ lójúmọ́. Bó bá ti dé ibẹ̀, padà sí RO.

Máa wo torch yẹn láràárọ̀. Bí o bá rí ẹran ara rẹ̀ tó ń yọ́ bíi jẹ́lì rẹ́súrẹ́sú, àìsàn mìíràn nìyẹn, ó sì ń ràn kíákíá. Fi páìpù fa jẹ́lì náà jáde kó má tàn ká, yọ orí tó ti bàjẹ́ kúrò, ri èyí tó kù sínú omi táǹkì tí o po oògùn iodine ti kọ́rálì mọ́ bí ara ìgò rẹ̀ ṣe wí. Bí èyí kò bá ṣẹlẹ̀, má fọwọ́ kàn án, má sún un kiri. Fi èsì nitrate àti phosphate tuntun ránṣẹ́ síbí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.