Ìṣúráǹsì àṣìṣe ìtọ́jú fún ẹgbẹ́ aláàánú tó ń tọ́jú aláìsàn nílé

Alága_Ìgbìmọ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ aláàánú tó forúkọ sílẹ̀ ní CAC (àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀) la jẹ́ n'Íbàdàn. Àwọn tí jẹjẹrẹ ti wọ̀ lára là ń tọ́jú nílé wọn, láti Mọ́níyà dé Mọ́lété. Nọ́ọ̀sì 4 ń gbowó oṣù, dókítà 2 ń yọ̀ǹda ara wọn, wọ́n sì ní ìṣúráǹsì tiwọn. Ṣé ẹgbẹ́ tún nílò tirẹ̀?

Bùrókà_Dùgbẹ̀: Ẹ nílò rẹ̀ gidi. Ti dókítà, dókítà nìkan ló bò. Bí nọ́ọ̀sì bá ṣàṣìṣe lẹ́nu iṣẹ́, ẹgbẹ́ tó rán an lọ máa bá a jẹ́jọ́. "Professional indemnity", ìṣúráǹsì tó ń sanwó bí àṣìṣe lẹ́nu iṣẹ́ bá pa ẹnì kan lára, ni kí ẹ bèèrè, kó sì dárúkọ ìtọ́jú aláìsàn. Ẹ má gba "public liability" dípò rẹ̀; àlejò tó yọ̀ ṣubú ní ọ́fíìsì nìyẹn wà fún, kì í sanwó oògùn tí wọ́n ṣì lò. Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó dé ilé aláìsàn. Bí ìwé ìṣúráǹsì bá sì sọ "employees" (òṣìṣẹ́ tó ń gbowó oṣù) nìkan, àwọn dókítà yín ò sí nínú rẹ̀.

Èyí tó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù ni "claims-made". Ọdún tí ẹ̀sùn dé ló ń wò, kì í ṣe ọdún tí àṣìṣe ṣẹlẹ̀. Àṣìṣe 2023 tí lọ́yà kọ̀wé lé lórí ní 2026, ìwé 2026 ló máa san án, bí "retroactive date" inú rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bo àṣìṣe, ò bá kọjá ìgbà tí àṣìṣe náà ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá pààrọ̀ iléeṣẹ́ ìṣúráǹsì, tí wọ́n fi ọjọ́ tuntun síbẹ̀, ọdún àtẹ̀yìnwá ti wà níhòòhò nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì_Ìtura: Iléeṣẹ́ ìṣúráǹsì máa bi yín nípa mọfíìnì olómi, oògùn ìrora tó lágbára, ó sì yẹ kí wọ́n bi yín. Ìgò 1mg/ml àti ti 10mg/ml lè jọra. Ẹni tó fa 5ml nínú èkejì ti fún aláìsàn ní 50mg dípò 5mg. Ẹ kọ mg àti ml pọ̀ sára ìgò gàdàgbà. Ẹ fún ará ilé ní síríǹjì tí ò lábẹ́rẹ́. Ṣíbí ìdáná ò dọ́gba láti ilé dé ilé. Bí egbò ìdùbúlẹ̀ bá ti wà lára aláìsàn kí ẹ tó gbà á, ẹ wọ̀n ọ́n ní sẹ̀ǹtímítà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ kọ aago àti orúkọ ẹni tó wọ̀n ọ́n. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ni wọ́n máa di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

Alága_Ìgbìmọ̀: Ẹ ṣeun púpọ̀. Bí ẹbí bá wá bínú ńkọ́?

Bùrókà_Dùgbẹ̀: Ẹ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ìṣúráǹsì lọ́jọ́ náà gan-an, bí lọ́yà ò tilẹ̀ tíì dá sí i. Ẹ bá ẹbí kẹ́dùn, ẹ sọ òótọ́ fún wọn, àmọ́ ẹ má ṣèlérí owó. Ẹ má sì fọwọ́ kan àkọsílẹ̀ àtijọ́ rárá. Kí ẹ tó sanwó ra ìṣúráǹsì náà, ẹ bèèrè bóyá owó lọ́yà ń jáde látinú iye tó pọ̀ jù tí wọ́n kọ pé àwọn máa san: bó bá jẹ́ ₦10 mílíọ̀nù, tí lọ́yà gba 3, 7 péré ló kù fún ẹbí.